Ìwé Àmì Ìrun Kò Sọ Ẹni Tó Ń Kírun

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Mùsùlùmí kan wà nílẹ̀ Yorùbá tí wọ́n ń fún ọmọ ní ìwé àmì ìrun lọ sílé: Àsùbáà, Aílà, Alaásárì, Mọ̀gàríbì, Iṣáì. Òbí á máa fi àmì sí i, olùkọ́ á yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Ajé, ẹni tí tirẹ̀ kò bá pé á jẹ pàṣán. Níparí táàmù, wọ́n á ní ètò náà yọrí sí rere.

Àwa ò gbà. Aílà nìkan ni olùkọ́ sábà máa ń fojú ara rẹ̀ rí. Ìyókù, ẹnu ọmọ àti báírò òbí ló sọ ọ́. Àwa tí a jáde nírú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ mọ bó ṣe ń lọ: alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni àmì ọ̀sẹ̀ kan máa ń pé lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ tó sùn gbàgbé Àsùbáà tó sì sọ òótọ́, wọ́n nà án. Èyí tó purọ́ gba ẹ̀bùn. Ṣé ìrun la ń kọ́ wọn ni, àbí irọ́?

Wọ́n á ní hádíìsì ló ní ká na ọmọ. Ẹ kà á tán. Ọmọ ọdún 7 ni ká kọ́kọ́ pàṣẹ ìrun fún. Ọdún 10 ni ọ̀rọ̀ nínà tó wọlé. Ọdún mẹ́ta wà láàárín, ìrun márùn-ún lóòjọ́: ìpè tó lé ní 5,000. Olùkọ́ wo ló ti pe ọmọ tó bẹ́ẹ̀ kó tó mú pàṣán?

Tàwọn ọmọbìnrin burú jù. Ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù, tí ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ ní kó má kírun, ni wọ́n ń tò sọ́tọ̀ lójú gbogbo ayé, tí wọ́n ń bi ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ìtìjú ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa rántí bó bá gbọ́ ìpè ìrun.

Ẹ̀yin alákòóso, ẹ yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò kí ẹ tó yẹ ọmọ wò. Ṣé omi àlùwàlá tó? Ṣé ọmọ mọ ìtumọ̀ Fátíhà tó ń kà nígbà 17 lóòjọ́ nínú ìrun ọ̀ranyàn? Ṣé olùkọ́ wà lórí ìlà, àbí ẹ̀yìn ló dúró sí pẹ̀lú pàṣán? Bí wọ́n bá ti ìsinmi dé, ẹ fún wọn níwèé tí kò lórúkọ, kí wọ́n kọ iye ìrun tí wọ́n kí nílé. Èsì rẹ̀ lè korò, ṣùgbọ́n òun ni ìwọ̀n tòótọ́.

Kùránì bá àwọn tó ń kírun torí káyé lè rí wọn wí. Ẹ má fi ìwé àmì tọ́ irú wọn dàgbà.