Ìrókò inú ìgò: ta ló máa ni igi náà tó bá dàgbà?

Bàbá àgbà mi kì í jẹ́ kí ìrókò dàgbà nínú oko kòkó rẹ̀. Tó bá ti rí ọmọ ìrókò tó yọrí, àdá ló máa fi bẹ́ ẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé olúwéré ló ń bẹ̀rù. Ìgbà tí mo ka òfin ni mo tó mọ̀ pé agégẹdú ló ń bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá, òfin igbó ka irú igi bí ìrókò mọ́ igi tí ìjọba ń dáàbò bò. Kódà bó bá wà nínú oko yín, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kẹ́ ẹ sì sanwó kẹ́ ẹ tó lè gé e. Agégẹdú tó bá ti níwèé lọ́wọ́ ló máa ń jèrè jù. Àgbẹ̀ tó fi ogójì ọdún ṣọ́ igi lè má rí ju owó táṣẹ́rẹ́ lọ, pẹ̀lú kòkó tí igi wó mọ́lẹ̀.

Mo ń sọ èyí nítorí ìmọ̀ kan tó lè dá igi wọ̀nyí padà sínú igbó. Tissue culture ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á gé ọ̀mùnú igi bíńtín, wọ́n á fọ̀ ọ́ kí kòkòrò àìfojúrí kankan má ṣẹ́ kù, wọ́n á gbé e sínú ìgò tí oúnjẹ igi wà: ṣúgà, iyọ̀ ilẹ̀ àti èròjà tó ń mú igi rúwé. Ọ̀kan á di mẹ́rin, mẹ́rin á di ogún. Tó bá ta gbòǹgbò tán, ó di inú ilẹ̀.

Kì í ṣe àjèjì lọ́dọ̀ wa. IITA ní Ìbàdàn ti ń fi í pèsè iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò lárùn. Ìlú Ìbàdàn yìí náà ni FRIN, iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ti ìjọba àpapọ̀, wà láti 1954.

Ìrókò gan-an nílò rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá gbìn ín pọ̀ lójú kan, kòkòrò kékeré kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Phytolyma á dé. Ewé á wú kókó, kókó á bẹ́, á jẹrà, orí igi á sì kú. Àmọ́ àwọn onímọ̀ ní Kumasi, ní Ghana, ti rí i pé àwọn ìrókò kan wà tí kòkòrò náà kì í fi bẹ́ẹ̀ rí gbé ṣe. Irú wọn ló yẹ ká máa sọ di púpọ̀ nínú ìgò.

Ó nira o. Ọ̀mùnú igi tó ti dàgbà kì í tètè gbà, ìdọ̀tí sì máa ń sá pamọ́ sínú rẹ̀. Yàrá náà gbọ́dọ̀ tutù, iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ tàn fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́. Ẹ̀yin náà sì mọ bí iná wa ṣe rí.

Ohun kejì, gbogbo ọmọ tó bá ti ara igi kan jáde, ọ̀kan náà ni wọ́n. Àrùn tó bá pa ọ̀kan lè pa gbogbo wọn. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹ̀dà igi kan ṣoṣo náà ò lè dá a ṣe. Ọ̀pọ̀ ìyá igi, láti igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn títí dé ibòmíràn, la gbọ́dọ̀ mú ọ̀mùnú lára wọn.

Ṣùgbọ́n èyí tó ká mi lára jù ni òfin. Ní 2022, ní Panama, àwọn orílẹ̀-èdè àgbáyé fẹnu kò láti máa ṣọ́ òwò apá àti ọ̀gànwó ilẹ̀ Áfíríkà. Ó dáa. Nílé ńkọ́? Tí láàbù bá pèsè ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ìrókò, oko ta ni wọ́n fẹ́ gbìn ín sí? Ṣé oko ẹni tó mọ̀ pé, tó bá dàgbà tán, ẹlòmíì ló máa jèrè rẹ̀?

Ohun tí mo ń bẹ àwọn ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wa kò pọ̀: kí wọ́n kọ ọ́ sínú òfin pé ẹni tó bá gbin igi ló ni ín. Kó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kó gé e nígbà tó bá gbó, kí owó rẹ̀ sì wọ àpò rẹ̀. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí onímọ̀ bá fi ọdún márùn-ún tọ́ nínú ìgò, àdá àgbẹ̀ á bẹ́ ẹ láàárín ìṣẹ́jú kan. Mi ò sì ní lè bá àgbẹ̀ náà wí.