Ṣọ́ọ̀bù Tí Kò Sí Nínú Máàpù

A bá àwọn tó bímọ yọ̀, a sì bá àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ kẹ́dùn. Orúkọ wọn wà ní ojú ewé ìròyìn ẹbí. Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí kò jìnnà sí ojú ewé náà, nítorí kò sí ìkómọ, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú tí kì í ná ni lówó. A ó gba alásè, a ó háyà àga, a ó rán aṣọ ẹbí. Ọwọ́ ta ni owó náà ń bọ́ sí? Èyí ni a fẹ́ kí gbogbo wa gbé yẹ̀wò.

Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin Èkó ti wọ Kánò ní 1912, ẹnu ni àlejò wa fi ń wá ọ̀nà. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Wọn yóò júwe Sabon Gari fún un, wọn yóò mú un dé ọ̀dọ̀ àgbà ìlú rẹ̀, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi mọ aránṣọ, onígbàjámọ̀ àti ẹni tó ń ta àmàlà. Lóde òní, fóònù ni àwọn ọmọ wa ń bi léèrè. Ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọkọ rẹ̀ dé yóò wá aránṣọ nínú máàpù, fóònù yóò sì to orúkọ mélòó kan sílẹ̀ fún un. Ìyá wa tó ti ń ránṣọ ní ojúlé kẹta láti ogún ọdún lè má sí nínú wọn. Ibòmíràn ni ìyàwó yóò gbé aṣọ rẹ̀ lọ, kò sì ní mọ ohun tó fi sílẹ̀ nítòsí.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé fóònù ní ojú tó fi ń rí ṣọ́ọ̀bù. Sátẹ́láìtì ló ń jẹ́ kó mọ ibi tí ẹni tó mú un lọ́wọ́ dúró sí. Lẹ́yìn náà ni yóò yẹ ìwé orúkọ kan wò, níbi tí a kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sí, irú iṣẹ́ rẹ̀, ibi tó wà, nọ́mbà fóònù àti àkókò tí a ń ṣí i. Ohun tí a kò bá kọ síbẹ̀, kò lè rí i. Google bẹ̀rẹ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní 2004; ní 2005 ó gbé máàpù tirẹ̀ jáde, kí ọdún náà sì tó parí, ó ti wọ inú fóònù alágbèéká. Ní 2004 kan náà ni Steve Coast dá OpenStreetMap sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan kún. Organic Maps ń lo èyí: bí a bá ti gba máàpù sínú fóònù nígbà tí dátà wà, a lè wá ṣọ́ọ̀bù nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí dátà bá tán.

Google fúnra rẹ̀ sọ pé ohun mẹ́ta pàtàkì ni òun fi ń to ṣọ́ọ̀bù: bí iṣẹ́ náà ṣe bá ohun tí a ń wá mu, bí ó ṣe jìnnà sí, àti bí òkìkí rẹ̀ ṣe tó. Ẹni tó kọ “Ọlọ́run Ń Ṣe É” nìkan, ta ni yóò mọ̀ bóyá búrẹ́dì ló ń tà tàbí táyà? Ẹ sọ iṣẹ́ yín kó yé ènìyàn. Ẹ fi èdè Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì kún un, nítorí kì í ṣe àwa nìkan ló ń ra ọjà wa. Ẹ bẹ oníbàárà tí iṣẹ́ yín tẹ́ lọ́rùn kó kọ òótọ́ síbẹ̀. Ẹ má ṣe fowó ra ìyìn. Níbi tí kò bá sí nọ́mbà ojúlé, Plus Code, tí Google gbé jáde, lè júwe ẹnu ọ̀nà yín fún ọlọ́kọ̀ Adaidaita Sahu.

Ìkìlọ̀ wa kò pọ̀. Google kì í gba kọ́bọ̀ láti kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ sanwó fún un, ẹ bi í léèrè dáadáa. Nọ́mbà ìjẹ́rìísí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ má kà á fún ẹlòmíràn, kó má baà gba ṣọ́ọ̀bù mọ́ yín lọ́wọ́. Obìnrin tó ń se oúnjẹ nínú ilé lè dárúkọ àdúgbò tó ń ṣiṣẹ́ dé, láì fi ojúlé rẹ̀ han gbogbo ayé. Bí ẹ bá kó kúrò, ẹ tún un ṣe. Bí ọlọ́jà bá sì kú, kí ẹbí rẹ̀ má jẹ́ kí fóònù rẹ̀ máa dún lásán.

Síbẹ̀, máàpù kò mọ ìwà. Kò mọ aránṣọ tó gba owó tí kò fi aṣọ sílẹ̀ títí ọjọ́ ìkómọ fi kọjá. Ẹgbẹ́ mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, a kò ní kí a pa ìbéèrè ẹnu tì. Ohun tí a ń fẹ́ ni kí àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ fóònù lò bá àwọn àgbà rìn láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù, kí ọ̀dọ́ máa kọ ọ́ sínú máàpù, kí àgbà sì máa kọ ọ́ sínú ìwé Ẹgbẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ẹni tó bá lè yọ̀ǹda ọjọ́ kan, kó fi orúkọ sílẹ̀ fún Akọ̀wé ní ìpàdé tó ń bọ̀.

Kí Elédùmarè bù sí ọjà wa. Ó dìgbà kan ná.