Ẹ Fi Àmì Ṣáájú Owó Ìtanràn

Àlejò lójú, kò fi ríran. Òwe yìí ló sọ sí mi lọ́kàn nínú oṣù Kejìlá tó kọjá, nígbà tí géńdé mẹ́rin yí mọ́tò mi ká ládùúgbò kan l'Ékòó.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Màhíntẹ̀dó ni wọ́n ti wá, létí omi Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ ojú omi láti kékeré. Orúnkún tó ń dùn wọ́n ló gbé wọn wá s'Ékòó. Aago mẹ́wàá ni dókítà fún wa.

Fóònù mi ló ń júwe ọ̀nà. Ó ní kí n yà sọ́tùn-ún, mo yà. Kò sí pátákó lẹ́nu títì yẹn, kò sí ọfà tí wọ́n fi ọ̀dà kùn sílẹ̀. Mi ò tíì kọjá ilé márùn-ún tí wọ́n fi yọ láti ẹ̀yìn bọ́ọ̀sì tó ti bàjẹ́ kan: "Ọ̀gá, one-way lẹ gbà yìí! Ẹ ṣílẹ̀kùn!"

Mo kàwé gboyè nínú ìmọ̀ òfin. Mo mọ̀ pé abala 36 ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ní aláìlẹ́bi lẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Mo tún mọ̀ pé òfin ìrìnnà Èkó ti ọdún 2018 le gan-an lórí one-way, mọ́tò fúnra rẹ̀ lè di ti ìjọba. Mo mọ gbogbo ẹ̀ o! Àmọ́ aago ti lu mẹ́sàn-án ààbọ̀, wọ́n sì ti ń so okùn mọ́ iwájú mọ́tò. Mo sanwó. Wọn ò fún mi ní rìsíìtì. Nígbà tá a fi máa dé ọsibítù, dókítà ti lọ. Wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Nígbà tá à ń padà lọ sílé, Bàbá bi mí pé: "Àwọn tó mú wa yẹn, ṣé wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọ̀nà yẹn ò ṣeé gbà?"

Mo ní wọ́n mọ̀.

"Kí ló wá dé tí wọn ò dúró lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n dá wa padà?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Lọ́dọ̀ wa, téèyàn bá ti kúrò ní Igbókọ̀dá, ọ̀nà omi ló kù. Omi ò ní pátákó. Àmọ́ tí ọlọ́kọ̀ kan bá rí àjèjì tó ń lọ síbi tí kùkùté wà lábẹ́ omi, ariwo ló máa pa pé kó padà. Ẹni tó bá dákẹ́, tó lọ dúró síwájú kó lè gbowó lọ́wọ́ ẹni tí ọkọ̀ ẹ̀ fọ́, ìkà la máa pè é.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ kọjú sọ́kọ̀ tó ń bọ̀ torí kó lè sá fún gósílóò, ẹ̀mí ẹlòmíì ló fi ń ṣeré. Kí òfin mú un. Àmọ́ ẹni tí wọn ò kìlọ̀ fún ńkọ́? Lóṣù Kejìlá, tí àwọn èèyàn wa ń ti London àti Houston wọlé wá ṣe fàájì, mélòó nínú wọn ló mọ títì tí ẹ yí padà láìsí àmì?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin ojú ọ̀nà ọdún 1984 sọ pé níbi tó bá yẹ kí àmì ìwọ̀n eré wà, wọn ò gbọdọ̀ dá awakọ̀ lẹ́bi eré àsápajúdé tí àmì náà ò bá sí. Ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀. Nílé níbí, ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹwàá 2024, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá ní kò sí òfin tó fún àwọn VIO ìlú náà láṣẹ láti dá ọkọ̀ dúró, gbẹ́sẹ̀ lé e, tàbí bu owó ìtanràn lé awakọ̀. Ẹjọ́ Àbújá nìyẹn, kì í ṣe ti Èkó, àmọ́ ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀: aṣọ iṣẹ́ kì í ṣe ìwé òfin.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ò pọ̀. Kí pátákó wà lẹ́nu gbogbo one-way. Níbi tí kò bá sí, kí òṣìṣẹ́ dá awakọ̀ padà, kó má gbowó. Kí owó ìtanràn máa lọ sápò ìjọba nìkan, pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹ̀yin awakọ̀ náà, tí wọ́n bá mú yín, ẹ ya fọ́tò ẹnu títì yẹn kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀. Òun lẹ̀rí yín tọ́rọ̀ bá dé kóòtù.

Ọ̀sẹ̀ yìí la máa padà sọ́dọ̀ dókítà. Lánàá, mo fẹsẹ̀ rìn lọ wo títì yẹn. Pátákó ò tíì sí níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó bàjẹ́ yẹn ò kúrò lójú kan, àwọn géńdé yẹn sì wà lẹ́yìn ẹ̀.