Máàpù Iva Valley Kò Tíì Pé



Ẹni tó bá to máàpù àtijọ́ agbègbè Enugu tẹ̀lé ara wọn yóò rí bí iṣẹ́ èédú ilẹ̀ ṣe yí àfonífojì kan padà. Ibi tó jẹ́ oko, igbó àti odò tẹ́lẹ̀ di ibi ìwakùsà, ojú irin yà wọ ibẹ̀, ìlú sì hù. Ní 1909 ni wọ́n rí èédú ní ilẹ̀ Udi. Wọ́n ṣí Ogbete, ní 1917 wọ́n ṣí Iva Valley. Èédú yẹn ni ọkọ̀ òkun ń kó wá sí Èkó, òun náà ni ọkọ̀ ojú irin tó ń gba Òṣòdì kọjá ń jó láyé ìgbà náà.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, 1949, ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn awakùsà ní Iva Valley. Owó iṣẹ́ tí wọn kò san fún wọn ni wọ́n ń bèèrè, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ falẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọlọ́pàá ní ohun abúgbàù ni àwọn wá kó kúrò níbẹ̀. Àwọn 21 kú, àwọn 51 fara gbọgbẹ́.

Àwọn kan yóò ní òkè àti odò ni iṣẹ́ máàpù, kì í ṣe ọ̀fọ̀. A kò gbà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń ya idà méjì tó dábùú ara wọn sórí máàpù ilẹ̀ tiwọn, pẹ̀lú ọdún, níbi tí ogun ti jà rí. Bí ibi tí jagunjagun kú sí bá yẹ ní àmì, ibi tí òṣìṣẹ́ kú sí ńkọ́?

Àwa ará Ìsọlọ̀ mọ ìwúlò àmì. Kánáàlì lásán ni máàpù yóò fi hàn ní Òkè-Àfá. Ọwọ̀n ìrántí ló ń sọ fún àlejò pé àwọn ènìyàn wa ṣègbé sínú omi náà ní ọjọ́ 27, oṣù Kìíní, 2002, nígbà tí bọ́ǹbù ń bú ní bárékè Ìkẹjà.

Nítorí náà, kí ẹ̀ka wa rọ ẹgbẹ́ àpapọ̀ láti kọ̀wé sí Ọ̀gá Àgbà Wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀. Nígbà tí wọ́n bá tún máàpù Enugu tẹ̀, kí wọ́n fi àmì kan àti ọdún 1949 sí Iva Valley. Yíǹkì díẹ̀ ni yóò ná wọn. Bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Ṣùgbọ́n ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ọ́.

Ìṣọ̀kan ni agbára òṣìṣẹ́!