Òkun kò sí nínú owó tí a san

Àwọn ilé ìtura ńlá kan wà létí òkun tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lèèyàn ń sanwó: yàrá, oúnjẹ, ohun mímu àti eré àwọn ọmọ ti wà nínú rẹ̀. Ó dára fún òbí tó fẹ́ sinmi. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ojú òbí ti ń kúrò lára ọmọ, nítorí kálukú rò pé ẹlòmíràn ń ṣọ́ ọ.

Láti Kútọnu dé Grand-Popo, ìgbì òkun wa le. Omi ń fa òmùwẹ̀ pàápàá lọ sí agbami. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó sanwó, ẹ béèrè: ta ni ń ṣọ́ etí omi? Ẹ̀yin onílé ìtura, ẹ fi òmùwẹ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́ síbẹ̀. A lè rí owó mìíràn; ọmọ kò ní pààrọ̀.