Ẹ Kọ Ọjọ́ Kónjé Ọmọ Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ̀yin ará,

Láyé ọjọ́un, bí tọkọtaya bá túká ní Kétu, agboolé kejì ni ìyá ń lọ. Ọmọ á jẹun níbí, á sùn lọ́hùn-ún. Nísisìyí, Èkó ni. "Ọmọ ti bàbá ni" tí a ń dá láàfin ò sọ ẹni tó máa san owó ọkọ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ nílé tèmi náà. Ìyá ọmọ-ọmọ mi kó lọ sí Èkó. Kónjé ńlá méjì ti kọjá, a ò fojú kan ọmọ. Inú bí mi gan-an. Àmọ́ kí n sọ òtítọ́, ọmọkùnrin mi ò fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ rí. Bí ilé-ìwé wa bá sì ti gba kónjé tán, tiwọn ṣì ń lọ lóṣù keje.

Òfin ẹbí Bẹ̀nẹ̀ ti 2004 ní kí adájọ́ wo ire ọmọ, kí òbí tí ọmọ ò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ sì lè máa rí i. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló ń dé kóòtù? Ọ̀dọ̀ yín là ń wá. Kí ẹ tó ní kí wọ́n dìde, ẹ jẹ́ kí akọ̀wé kọ ọ́: ọjọ́ tí ọmọ máa wá, ọjọ́ tó máa padà, ẹni tó máa mú un kọjá bọ́dà, ẹni tó máa sanwó ọkọ̀. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i lójú yín.