Eré àti Ìwádìí Àwọn Ọ̀mọ̀wé

Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó gbà pé eré kì í bá ẹ̀kọ́ gbé. Lójú wọn, ọmọ tí ó bá jókòó ti ọpọ́n ayò ti pa ìwé rẹ̀ tì. Wọ́n gbàgbé pé ihò 12 àti ọmọ ayò 48 ti kọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìṣirò kí ilé-ìwé tó dé ilẹ̀ Yorùbá.

Bákan náà ni eré lè ṣe alárinà láàrin àwọn ọ̀mọ̀wé àti ará ìlú. Ọ̀mọ̀wé a máa fi ọdún púpọ̀ ṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kọ àbọ̀ rẹ̀ sínú ìwé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó sábà máa ń kà á. Irọ́ ní tirẹ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ní ọdún 2014, nígbà tí àrùn Ebola wọ Nàìjíríà, ìròyìn èké kan tàn kálẹ̀ pé omi iyọ̀ ni ó ń dènà rẹ̀. Àwọn kan mu ún ní àmujù, ìròyìn sì fi hàn pé ẹ̀mí ṣòfò nítorí rẹ̀.

Irú ọ̀ràn yìí ni àwọn ọ̀mọ̀wé kan ní Yunifásítì Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ń wádìí. Wọ́n rí i pé bí abẹ́rẹ́ àjẹsára ti ń mú ara gbára dì de àrùn, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó bá ti mọ ọgbọ́n àwọn elékèé ṣáájú kì í tètè gba irọ́ gbọ́. Dípò kí wọ́n fi èyí sínú ìwé nìkan, àwọn àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn gbé eré kan tí ń jẹ́ Bad News sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2018. Nínú rẹ̀, ẹni tí ń ṣeré ni yóò di elékèé: yóò gbé orúkọ ẹlòmíràn wọ̀, yóò dẹ́rù ba àwọn ènìyàn, yóò sì dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2019, tí nǹkan bí 15,000 ènìyàn kópa nínú rẹ̀, fi hàn pé lẹ́yìn eré náà, ìgbẹ́kẹ̀lé wọn nínú ìròyìn èké dín kù.

Àwọn kan lè sọ pé irú eré bẹ́ẹ̀ ń kọ́ ọmọ ní irọ́ pípa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó mọ ibi tí olè ń gbà wọlé ni ó mọ ibi tí yóò dí. Àléébù tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹ̀kọ́ náà a máa ṣá bí oṣù ti ń gorí oṣù, bí kò bá sí ẹni tí ń ránni létí. Àwọn olùwádìí náà fúnra wọn ni ó fi èyí hàn ní ọdún 2021.

Nítorí náà, kò yẹ kí ọ̀mọ̀wé fi ojú yẹpẹrẹ wo eré, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí olùkọ́ fi gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kí eré ṣí ilẹ̀kùn. Kí olùkọ́ àti ìwé mú ọmọ wọ inú ilé.